Bí mo ṣe tún ojú-ìwé tí a fi ń gba kọ́kọ́rọ́ àrokò wọlé ṣe

Nínú ẹ̀dà Yorùbá ètò íméèlì tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ṣe, ẹni tí wọ́n bá fi kọ́kọ́rọ́ OpenPGP (ìlànà kan tí a fi ń pa íméèlì láàrokò) ránṣẹ́ sí yóò tẹ “Gbà á”, ètò náà yóò sì dáhùn pé: “A ti gba kọ́kọ́rọ́ 1 wọlé.” Nígbà tí wọ́n gbé àtúnṣe rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, n kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan kóòdù, mo jókòó ti àwọn mẹ́ta tó ń lò ó, mo sì bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n tẹ bọ́tìnì náà. Méjì dáhùn pé ètò náà ti bá àwọn wádìí ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ náà. Kò wádìí nǹkan kan, nítorí ẹnikẹ́ni ló lè kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ẹlòmíràn sára kọ́kọ́rọ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Èdè wa pàápàá dá kún un: “gbà” tí a fi ń gba ẹrù náà la fi ń gba ọ̀rọ̀ gbọ́.

Mo yí bọ́tìnì náà padà sí “Fi pamọ́”. Mo wá ṣe ojú-ìwé kan ṣáájú rẹ̀ tó ń fi orúkọ, àdírẹ́sì àti ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ náà yóò kásẹ̀ nílẹ̀ hàn. Ní ti àmì ìtẹ̀ka, ìyẹn ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà tí a fi ń dá kọ́kọ́rọ́ kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn, lẹ́tà àti nọ́ńbà 8 tó kẹ́yìn nìkan la máa ń fi hàn tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó rọrùn láti ṣe ayédèrú tí 8 yẹn yóò bá mu. Nítorí náà mo kọ gbogbo 40 tó wà lára irú kọ́kọ́rọ́ tí a ń lò síta ní mẹ́rin-mẹ́rin, kí ènìyàn lè kà á fún ẹlòmíràn lórí fóònù. Ìbéèrè kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀: “Ṣé ẹ ti bá ẹni yìí fi àmì yìí wéra?” “Rárá” la ti yàn sílẹ̀ fún un.

Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tí ẹgbẹ́ kan jọ ń lò ló gbà mí lákòókò jù. Orúkọ fáìlì rẹ̀ àti ti kọ́kọ́rọ́ gbangba, èyí tí a ń fún àwọn ẹlòmíràn kí wọ́n lè fi pa ìwé láàrokò sí wa, lè jọ parí sí .asc, ẹni tí kò bá sì ka ìlà àkọ́kọ́ inú rẹ̀ kò lè mọ èyí tó jẹ́. Ní báyìí, ètò náà ń dúró, ó sì ń sọ pé: “Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ ni èyí. Ẹni tó bá ní ẹ̀dà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ lè ka àwọn ìwé tí a fi pa láàrokò, kódà lẹ́yìn tó bá ti kúrò nínú ẹgbẹ́ yín.” Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní gbólóhùn náà ń dẹ́rù bani, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo tún pe àwọn mẹ́ta náà, ọ̀kan nínú wọn ti gbé fóònù sétí kó tó tẹ ohunkóhun.