Káàdì Wi-Fi wo ló yẹ laptop yín?

Ẹ kọ́kọ́ wo ráútà yín kí ẹ tó náwó. Bí MiFi yín bá jẹ́ 2.4 GHz nìkan (GHz ni ìwọ̀n ìgbì rédíò tí Wi-Fi ń gbà kọjá), káàdì olówó gọbọi kò ní sọ ọ́ di 5 GHz. Ẹ má sì jẹ́ kí iye tó wà lára páálí tàn yín: "AC1200" jẹ́ nǹkan bí àròpọ̀ 300 Mbps (ìwọ̀n ìyára) ti 2.4 GHz àti 867 Mbps ti 5 GHz, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ṣoṣo ni laptop ń lò lẹ́ẹ̀kan náà.

Láti mọ èyí tó wà nínú laptop yín, ẹ ṣí Command Prompt lórí Windows, kí ẹ tẹ netsh wlan show drivers, kí ẹ wá ìlà "Radio types supported". 802.11n ni Wi-Fi 4, 802.11ac ni Wi-Fi 5, 802.11ax ni Wi-Fi 6. Bó bá jẹ́ b, g àti n nìkan ló wà níbẹ̀, 2.4 GHz nìkan ni káàdì yẹn mọ̀.

Káàdì tí a ń ki bọ ojú USB kò gba títú laptop. Ṣùgbọ́n èyí tó kéré bí èékánná kò ní àyè fún áńténà gidi. Ẹ ra èyí tí áńténà rẹ̀ yọ síta. Ojú USB 3.0 máa ń da 2.4 GHz rú, nítorí náà ẹ fi wáyà USB gbé e jìnnà díẹ̀ sí laptop, tàbí kí ẹ lo 5 GHz.

Káàdì tó ń wọ inú laptop la fara mọ́ jù, àfi bí wọ́n bá ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. Ibí gan-an lowó ti ń ṣòfò. Intel AX210 àti AX211 jọra bí ìbejì: M.2 2230 (irú ojú tí káàdì ń wọ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀) ni méjèèjì, 22 mm sí 30 mm. Ṣùgbọ́n AX211 kì í ṣe odindi káàdì. Apá kan iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú èròjà Intel tó wà lórí bọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá fi sínú laptop AMD tàbí Intel àtijọ́, kò ní jí rárá. AX201 náà nìyẹn. AX200 àti AX210 ní tiwọn ń bá Intel àti AMD ṣe. AX210 mọ 6 GHz pẹ̀lú, àmọ́ ó di orí Windows 11. Àwọn laptop àtijọ́ kan sì wà tí BIOS wọn (ètò tó ń jí laptop kí Windows tó dé) ń kọ káàdì tí kò bá mọ̀. Ẹ wádìí ti yín kí ẹ tó rà.

Ẹ ti gba dráífà káàdì tuntun (ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lò ó) sílẹ̀ kí ẹ tó tú ti àtijọ́, torí kò ní sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́yìn náà. Ẹ pa laptop, ẹ yọ ṣájà, ẹ sì yọ orí wáyà bátìrì. Ẹ fi èékánná gbé orí wáyà áńténà méjèèjì sókè tààrà. Ẹni tó bá fà á lára wáyà yóò já a. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ gbé e lé ojú rẹ̀ géérégé, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dún "kọ́". Bí ọ̀kan kò bá wọlé dáadáa, sígínà á máa lọ sílẹ̀ bí ẹ tiẹ̀ jókòó ti ráútà.

Bí Wi-Fi bá ń ṣiṣẹ́ tí Bluetooth kò sí, ẹ fi dráífà tirẹ̀ sí i lọ́tọ̀. Ẹ tẹ netsh wlan show interfaces ṣáájú pípààrọ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, lórí àga kan náà, kí ẹ fi "Signal" àti "Receive rate" wéra. Bí Signal bá kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ẹ tún orí wáyà wò.