Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ìtàn Samuel Little, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ṣe fídíò tàbí tẹ́ ẹ máa ń kọ ìtàn àwọn apààyàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ mi. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń tẹ̀ lé kéèsì Samuel Little, ọkùnrin tí FBI, iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, sọ pé òun ló pààyàn jù lọ nínú gbogbo apààyàn tó tíì wáyé ní Amẹ́ríkà, ohun tó sì máa ń dùn mí ni pé bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń sọ ìtàn yẹn, orúkọ ọkùnrin yẹn nìkan lẹ máa gbọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, àwọn obìnrin tí ọkùnrin náà pa sì wá dà bíi nọ́ńbà lásán. Bí mo ṣe máa ń ṣe tèmi nìyí, kẹ́ ẹ mú èyí tó bá wúlò fún yín ńbẹ̀.

Ẹ mú ìwé kan, kẹ́ ẹ kọ orúkọ àwọn tó kú sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ orúkọ ẹ̀. Carol Elford. Guadalupe Apodaca. Audrey Nelson. Los Angeles ló ti pa àwọn mẹ́ta yìí láàárín 1987 sí 1989, torí wọn sì ni kóòtù ṣe dá ẹ̀wọ̀n gbére mẹ́ta fún un ní 2014, láìsí pé wọ́n á dá a sílẹ̀ láé. Ẹ fi Denise Christie Brothers kún un, ìlú Odessa ní Texas ló ti pa á ní 1994, kéèsì tiẹ̀ ló jẹ́ kí gbogbo ìyókù tú síta. Ẹ kọ ìlú àti ọdún síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tẹ́ ò bá mọ orúkọ ẹ̀, ẹ fi àyè ẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ẹ má fò ó kọjá. Àyè òfìfo pọ̀ gan-an nínú ìwé tèmi, ibẹ̀ gan-an lojú mi sì máa ń dúró sí.

Ìgbésí ayé ọkùnrin yẹn fúnra ẹ̀ ò gba àyè púpọ̀. Wọ́n bí i ní Reynolds ní ìpínlẹ̀ Georgia ní 1940, Lorain ní Ohio ló dàgbà sí, ó fìgbà kan jẹ́ akànṣẹ́, ó ń jalè, ó ń fi mọ́tò káàkiri láti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíì, ìpànìyàn tó jẹ́wọ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 títí di 2005, ó sì kú ní California lọ́jọ́ 30 oṣù December 2020, ẹni ọdún 80. Gbólóhùn méjì mẹ́ta ti tó, kẹ́ ẹ kọjá.

Níbi iye àwọn tó pa ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í. Ẹ má kọ ọ́ pé "ó pa èèyàn 93". Ohun tó wà ńlẹ̀ ni pé ó JẸ́WỌ́ pé òun pa èèyàn 93. Ní October 2019, FBI ní àwọn ti fìdí 50 múlẹ̀ nínú ẹ̀, lẹ́yìn ìgbà yẹn ó ti lé ní 60. Òótọ́ ni pé FBI sọ pé àwọn gba gbogbo ìjẹ́wọ́ ẹ̀ gbọ́, àmọ́ ká gba nǹkan gbọ́ yàtọ̀ sí ká ti rí òkú, ká rí fáìlì, ká sì rí ọlọ́pàá ìlú yẹn tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, obìnrin wa nìyẹn. Èyí tí kóòtù dá a lẹ́bi fún tún kéré síyẹn: mẹ́ta ní Los Angeles, ọ̀kan ní Texas, mẹ́rin ní Ohio. Ẹ ya nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ sì sọ èyí tẹ́ ẹ̀ ń lò fáwọn tó ń gbọ́ yín.

Ibi tó kàn yìí, ẹ fara balẹ̀ síbẹ̀ dáadáa. Ẹ fa ìlà sáàárín ìwé kan. Lápá òsì, ẹ kọ gbogbo ìgbà tọ́wọ́ òfin ti bà á. Lápá ọ̀tún, ẹ kọ orúkọ àwọn tó kú. Ní 1976 ní Missouri, wọ́n dá a lẹ́bi pé ó ṣe obìnrin kan níṣekúṣe, obìnrin yẹn rí i sá mọ́ ọn lọ́wọ́, oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n fi í sẹ́wọ̀n. Ní 1982, wọ́n mú un nítorí obìnrin tí wọ́n pa ní Pascagoula ní Mississippi, àwọn jùrì ibẹ̀, ìyẹn àwọn aráàlú tí wọ́n yàn láti wò ó bóyá ó yẹ kí wọ́n pe èèyàn lẹ́jọ́, ní kéèsì ọ̀hún ò dé kóòtù. January 1984, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù ní Florida torí obìnrin míì, wọ́n ní kò jẹ̀bi. Ọdún yẹn kan náà ní San Diego, àwọn ọlọ́pàá bá a nínú mọ́tò pẹ̀lú obìnrin kan tí wọ́n ti lù dákú. Ọwọ́ bà á lójú ẹ̀ báyìí o! Ó lò tó ọdún méjì ààbọ̀ lẹ́wọ̀n, wọ́n tú u sílẹ̀ ní February 1987, ó sì gba Los Angeles lọ.

Ẹ wá wo apá ọ̀tún ìwé yín ní 1987. Carol Elford.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fa ìlà yẹn, mo pa ìwé náà dé, mi ò lè kọ nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Àwọn obìnrin méjì kan wà ní Pascagoula tí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ láyé ọjọ́un, obìnrin aláwọ̀ dúdú ni wọ́n, ìgbà tí wọ́n gbẹ́jọ́ ẹ̀ ní Los Angeles ní 2014 ni wọ́n tó wá jẹ́rìí níwájú kóòtù, ìyẹn lẹ́yìn ohun tó lé ní 30 ọdún. Tẹ́ ẹ bá ń sọ ìtàn yìí tẹ́ ò dárúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Pascagoula, ẹ ò tíì sọ ọ́.

Ẹ tún máa ṣọ́ra fún ohun tí wọ́n kọ pé ó pa obìnrin kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ wọn, oògùn olóró ni wọ́n kọ sínú fáìlì pé ó pa wọ́n, tàbí jàǹbá, tàbí kí wọ́n kọ pé àwọn ò mọ ohun tó pa á. Ńṣe ló máa ń fún wọn lọ́rùn, kò sójú ọ̀bẹ, kò sójú ọta ìbọn, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin tó ń fi ara ṣòwò tàbí tí oògùn ti dì mú, ọ̀pọ̀ sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú, kò sẹ́ni tó lọ wádìí kọjá ohun tójú kọ́kọ́ rí. Torí náà, tẹ́ ẹ bá rí i nínú ìwé ìròyìn àtijọ́ pé oògùn ló pa ẹnì kan, ẹ sọ pé "ohun tí wọ́n kọ nígbà yẹn nìyí". Bó ṣe pa wọ́n, ibi tí mo sọ ọ́ dé yìí ti tó, ẹ má fẹ̀ ẹ́ lójú jù báyìí lọ.

Ó kan fídíò àti àwòrán. Ní 2018, James Holland tó jẹ́ Texas Ranger, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí fún ìpínlẹ̀ Texas, lọ bá Little lẹ́wọ̀n ní California torí kéèsì Odessa yẹn. Christina Palazzolo, tó ń bá FBI ṣàyẹ̀wò irú ọ̀ràn báyìí lẹ́ka tí wọ́n ń pè ní ViCAP, sọ pé bí Little ṣe ń ka ìlú ló ń ka iye àwọn tó pa níbẹ̀: Jackson ní Mississippi, ọ̀kan, Cincinnati, ọ̀kan, Phoenix, mẹ́ta, Las Vegas, ọ̀kan. Little tún jókòó ya ojú àwọn obìnrin náà sórí ìwé, FBI sì gbé àwọn àwòrán yẹn síta kí ẹbí lè dá èèyàn wọn mọ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni, ẹnu ẹnì kan ṣoṣo sì ni gbogbo ìyẹn ti jáde. Ẹ lo àwòrán, ẹ kọ ìlú sábẹ́ ẹ̀, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ohùn ẹ̀ máa dún lọ nínú fídíò yín bíi pé òun ló ni ìtàn náà. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ó máa ń rántí ojú èèyàn, ibi tó wà, mọ́tò tó ń wà nígbà yẹn, ọdún ni kì í sábà bá a mu, ẹ kọ "nǹkan bíi" síwájú ọdún tó bá ti ẹnu ẹ̀ wá.

Ẹ wo èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Las Vegas ní nǹkan bíi 1993. Ó ní òun rí ọmọkùnrin obìnrin yẹn, òun sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọmọ yẹn, tó bá ṣì wà láyé, ó lè jẹ́ pé òun ló máa wo fídíò yín. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má fi fọ́tò apààyàn yẹn síwájú fídíò, ẹ má pè é ní ọlọ́pọlọ pípé (ẹni tí wọ́n ti mú nígbà 26 ní ìpínlẹ̀ 11 kó tó di 1975!), ẹ má sì pe ìyá ẹnikẹ́ni ní "aṣẹ́wó kan". Ẹ pè é lórúkọ, tí kò bá sórúkọ, ẹ pè é ní obìnrin kan láti ìlú báyìí báyìí.

Kẹ́ ẹ tó gbé e síta, ẹ padà sórí ìkànnì FBI lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, torí àwọn tí kò lórúkọ tẹ́lẹ̀ ti ń lórúkọ, ẹ sì fi ibi tí èèyàn ti lè bá FBI sọ̀rọ̀ sábẹ́ iṣẹ́ yín. Nínú àwọn tí wọ́n gbé jáde ní 2019, ọmọ aláwọ̀ dúdú kan wà tó ń gbé bí obìnrin, Miami ni, nǹkan bíi 1971 tàbí 1972, kò ju ẹni ọdún 18 tàbí 19 lọ, Marianne tàbí Mary Ann ni Little rántí pé ó ń jẹ́. Mo kọ Marianne sínú ìwé mi, mo kọ Miami, mo sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ fún orúkọ bàbá ẹ̀.