Ẹ yẹ ilẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé: bẹ́ ẹ ṣe lè rówó ìjọba Amẹ́ríkà fi ṣe é

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ ń wá ilẹ̀ olówó pọ́ọ́kú fún ẹgbẹ́ yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ilẹ̀ tó wà láàárín ìgboro tó ti ṣófo láti ọjọ́ pípẹ́ tẹ́nikẹ́ni ò fẹ́ rà, nǹkan ló fà á. Ó lè jẹ́ pé ilé epo ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí tánńkì ẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀ tó ń jò, ó lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fi kẹ́míkà fọ aṣọ, ó lè jẹ́ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bátìrì tí òjé ti wọnú iyẹ̀pẹ̀. Brownfield ni wọ́n ń pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì dìgbà tí wọ́n bá rí májèlé níbẹ̀ o, tí ìfura pé ó lè wà níbẹ̀ bá ti ń dí èèyàn lọ́wọ́ láti lo ilẹ̀ náà, brownfield ni lójú òfin. Àjọ EPA tó ń rí sọ́rọ̀ àyíká fojú bù ú pé wọ́n ju 450,000 lọ.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí: òfin Superfund ti ọdún 1980 lè mú ẹni tó ni ilẹ̀ lónìí pé kó wá sanwó tí wọ́n máa fi kó májèlé kúrò, bí kì í tiẹ̀ ṣe òun ló dà á síbẹ̀. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sófin yẹn ní January 2002 ló ṣí ọ̀nà àbò fẹ́ni tó fẹ́ rà, àmọ́ ó ní láti ti ṣe ìwádìí tófin ní kó ṣe KÓ TÓ DI onílẹ̀, kó sì máa tọ́jú ibẹ̀ dáadáa lẹ́yìn tó bá rà á tán. Tíwèé ilẹ̀ bá ti bọ́ sórúkọ yín kẹ́ ẹ tó ṣe é, àbò yẹn ti bọ́ nìyẹn.

Ìwádìí yẹn ni wọ́n ń pè ní Phase I. Wọn ò gbẹ́ ilẹ̀, wọn ò bu iyẹ̀pẹ̀ lọ sí láàbù, ìtàn ilẹ̀ ni wọ́n ń wá. Onímọ̀ nípa àyíká tó kúnjú òṣùwọ̀n máa yẹ ìwé ìjọba wò, á wo fọ́tò tí wọ́n yà látojú òfurufú àtàwọn máàpù Sanborn táwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò ń lò nígbà ìjímìjí, á bá onílẹ̀ àtàwọn tó ti ń gbé ládùúgbò sọ̀rọ̀, á sì rìn yí ilẹ̀ náà ká. ASTM E1527-21 ni ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé báyìí. Ẹ fi sọ́kàn pé apá tó ṣe kókó nínú iṣẹ́ yìí kò gbọ́dọ̀ ju 180 ọjọ́ lọ lọ́jọ́ tílẹ̀ bá di tiyín, torí náà ẹ má ṣe é lónìí kẹ́ ẹ wá máa dúnàádúrà títí di ọdún tó ń bọ̀. Tí Phase I bá rí nǹkan tó ń fu wọ́n lára, ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń lọ sí Phase II, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bu iyẹ̀pẹ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ inú ilẹ̀ lọ yẹ̀ wò, ibẹ̀ ló sì ti ń náni lówó rẹpẹtẹ.

Ó dáa, owó ẹ ńkọ́? EPA máa ń fúnni ní gírántì, ìyẹn owó ìrànwọ́ téèyàn kì í dá pa dà, láti fi yẹ ilẹ̀ wò, àmọ́ wọn kì í fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tàbí ilé iṣẹ́ tó ń wá èrè. Ìjọba ìlú, ìpínlẹ̀, ẹ̀yà àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, àtẹgbẹ́ 501(c)(3), ìyẹn ẹgbẹ́ aláàánú tí kì í wá èrè, ló lè béèrè. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà kankan, ẹ kọ́kọ́ lọ bá ọ́fíìsì ìjọba ìlú yín, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti ní gírántì ìyẹ̀wò brownfield lọ́wọ́. Tí wọ́n bá ní in, ẹ ní kí wọ́n fi ilẹ̀ tẹ́ ẹ ń wò kún tiwọn, onílẹ̀ á fọwọ́ sí i pé wọ́n lè wọlé, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ọ̀nà tó yá jù nìyí lójú tèmi, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò sì mọ̀ ọ́n.

Tí wọn ò bá ní, ẹ béèrè Targeted Brownfields Assessment, ìyẹn ìyẹ̀wò ilẹ̀ kan pàtó, lọ́wọ́ EPA. Ẹkùn 10 ni wọ́n pín orílẹ̀-èdè náà sí, ọ́fíìsì ẹkùn yín lẹ máa pè. Wọn ò ní fowó lé yín lọ́wọ́ o, kọ́ńtírátọ̀ tiwọn ló máa wá ṣiṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ náà máa ń ṣerú ẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ tẹ́ ẹ ń wò pọ̀ ládùúgbò, ìgbà yẹn ló tó bẹ́ ẹ ṣe ń kọ̀wé béèrè gírántì tiyín. Láti ìdíje ọdún 2022 ni wọ́n ti ń fúnni tó $500,000 fún ìyẹ̀wò gbogbo àdúgbò, wọn ò sì ní kẹ́ ẹ mú ìdá kankan nínú owó náà wá látinú àpò yín. Ẹ tètè rejísítà lórí SAM.gov àti Grants.gov, ìyẹn ìkànnì ìjọba àpapọ̀ tẹ́ ẹ máa gbà béèrè gírántì, torí ó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ọdọọdún lẹ sì máa ń tún ti SAM ṣe. Ó máa ń dùn mí béèyàn bá kọ̀wé tó dáa tán tí rejísítà ẹ̀ ò tíì jáde lọ́jọ́ tí wọ́n ń tilẹ̀kùn. Ìwé náà ò lè ju ojú ewé 10 lọ, ẹ má wá fi gbogbo ẹ̀ ṣàlàyé kẹ́míkà, ẹ sọ ta ló ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ yẹn, kí ló ń ṣe wọ́n, kí lẹ fẹ́ kọ́ síbẹ̀, ta ló sì máa bá yín ṣe é. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní TAB wà tí EPA ń sanwó fún láti ran èèyàn lọ́wọ́, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á bá yín ka ohun tẹ́ ẹ kọ.

Tówó bá jáde, ìdá 5 nínú 100 péré lẹ lè ná sórí iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ẹ ò gbọ́dọ̀ kàn gbé iṣẹ́ fún ọ̀rẹ́ yín, ẹ máa ní káwọn onímọ̀ wá díje fún un. Kẹ́nikẹ́ni tó bu iyẹ̀pẹ̀, EPA gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí ètò bẹ́ ẹ ṣe máa bù ú. Owó yìí lè ṣe ìyẹ̀wò àti ètò bí wọ́n ṣe máa tún ilẹ̀ ṣe, kò lè kó májèlé kúrò. Gírántì ìyẹn lọ́tọ̀, ẹ sì ní láti ti ni ilẹ̀ náà kẹ́ ẹ tó béèrè ẹ̀, ìdí nìyẹn tí Phase I fi gbọ́dọ̀ ṣáájú.