Òdòdó inú yanrìn tí mo gbìn ní Àkúrẹ́

Ó ti yọ òdòdó o! Inú mi dùn débi pé mo kọ́kọ́ pe àǹtí mi kí n tó ya fọ́tò ẹ̀.

Catharanthus roseus lorúkọ tí wọ́n ń pè é nínú ìwé, Madagásíkà ni orírun ẹ̀, igi kékeré tí kì í sábàá ga tó mítà kan, ó fẹ́ràn yanrìn etí òkun. Iwájú ilé àǹtí mi ní Ayétòrò, nílẹ̀ Ìlàjẹ, ni mo ti rí i. Òkun ti ń jẹ ilẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ní tí n bá fẹ́ ẹ kí n tètè wá mú un. Èso ẹ̀ tín-ín-rín, méjì méjì ló máa ń so, èyí tó ti gbẹ ni mo já, torí tó bá ti là fúnra ẹ̀ pẹ́nrẹ́n, hóró dúdú kékeré inú ẹ̀ á ti dà nù.

Ìgbà àkọ́kọ́, ilẹ̀ pupa ẹ̀yìnkùlé wa ni mo gbìn ín sí, láàárọ̀ lálẹ́ ni mò ń bomi rin ín, gbogbo ẹ̀ jẹrà látìdí. Amọ̀ ló pọ̀ nínú ilẹ̀ wa, omi kì í tètè fà níbẹ̀, omi yẹn ló pa á, kì í ṣe oòrùn. Ó dùn mí gan-an.

Mo wá lọ bu yanrìn lọ́dọ̀ àwọn tó ń mọ bùlọ́ọ̀kù, mo pò ó, yanrìn méjì sí ilẹ̀ dúdú kan, mo kó o sínú rọ́bà pẹ́ńtì tí mo ti fi ìṣó gbígbóná lu nídìí. Mo bo hóró ẹ̀ díẹ̀, mo fi náílọ̀nù dúdú bò ó lórí torí òkùnkùn ló fẹ́ kó tó hù. Ọjọ́ kẹjọ ló yọ, mo ṣí náílọ̀nù kíá, mo gbé e sínú oòrùn. Látìgbà yẹn, tí n bá ti ìka bọ ilẹ̀ tó ṣì tutù, mi ò ní bu omi kankan sí i. Nígbà tó ga bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ mo rẹ́ ṣóńṣó orí ẹ̀ kó lè pẹ̀ka. Oṣù kẹta ló yọ òdòdó, pupa fẹ́ẹ́rẹ́, àárín ẹ̀ ló pọ́n jù.

Màmá kan ládùúgbò wa ní àwọn fẹ́ já ewé ẹ̀ sè mu fún àtọ̀gbẹ. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, mo ní ẹ jọ̀ọ́ màámi, májèlé wà nínú ẹ̀. Torí àtọ̀gbẹ yìí náà ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Robert Noble àti Charles Beer, ṣe ń yẹ ewé ẹ̀ wò ní Kánádà láwọn ọdún 1950, àṣé sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ eku ló ń dín kù, ibẹ̀ ni oògùn jẹjẹrẹ tó ń jẹ́ vinblastine ti jáde, vincristine náà tẹ̀ lé e, òun ni wọ́n fi ń tọ́jú àwọn ọmọdé tó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n dókítà ló ń wọ̀n ọ́n o, kì í ṣe ìkòkò àgbo.

Èso àkọ́kọ́ ti gbẹ báyìí, mo ti dì í sínú ìwé, àǹtí mi ló ni ín. Wọ́n ti kó kúrò ní Ayétòrò, Igbókọ̀dá ni wọ́n wà, wọ́n ní yanrìn wà níwájú ilé tuntun náà.