Bí a ṣe ń da orí tó mọ́ gaara: ère tí inú rẹ̀ hàn síta

Ẹni tó ń fi idẹ da edan fún Òṣùgbó nílẹ̀ Ìjẹ̀bú lè fi amọ̀ sílẹ̀ sínú ère rẹ̀. Idẹ ti bò ó, kò sẹ́ni tó máa rí i. Ẹni tó ń fi epoxy, oje kẹ́míkà olómi tó máa ń gan bíi gíláàsì, da orí tó mọ́ gaara kò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀. Ohunkóhun tó bá há sínú rẹ̀, títí dórí fọ́nrán irun kan, gbogbo ojú ni yóò rí i. Nítorí náà, kì í ṣe ojú ère la ti ń bẹ̀rẹ̀, inú rẹ̀ ni. Yorùbá kúkú ti ya orí inú sọ́tọ̀ sí orí òde tipẹ́. Iṣẹ́ yìí kàn ń mú èyí tí a kì í rí wá sí gbangba ni.

Kí ni yóò wà nínú rẹ̀?

Bí ẹni tí ẹ fẹ́ yà bá jẹ́ oníṣòwò gàrí, gàrí Ìjẹ̀bú wà ńlẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹni tí kì í pa Ojúde Ọba jẹ, àjákù aṣọ regbéregbé rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà rẹ̀, wà. Ẹ mú ohun kan. Bó pọ̀ tán, kó jẹ́ méjì. Orí tí wọ́n kó ìlẹ̀kẹ̀, owó ẹyọ, fọ́tò àti kọ́kọ́rọ́ sí máa ń dà bí àtẹ oníwòsìwósì, kò sì ní sọ irú ẹni tí ẹnikẹ́ni jẹ́.

Ohun tútù kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Obì, ewé tútù àti òdòdó ní omi lára. Omi náà máa sọ epoxy tó yí wọn ká di funfun, àwọn fúnra wọn á sì dúdú. Ewé gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwé ìròyìn lábẹ́ ohun wúwo fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó ṣeé lò. Gàrí gbẹ ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n atẹ́gùn pọ̀ láàárín hóró rẹ̀: ẹ kọ́kọ́ pò ó mọ́ epoxy díẹ̀ nínú ife, kí gbogbo rẹ̀ rin, kí ẹ tó dà á síbi tí ẹ fẹ́. Ikùn owó ẹyọ náà ní atẹ́gùn nínú. Ẹ fi epoxy kún un láti ẹnu rẹ̀, kó gbẹ. Aṣọ àti ìwé, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fi epoxy pa wọ́n títí wọn á fi rin gbingbin, kí ẹ sì mọ̀ pé àwọ̀ wọn máa ṣú díẹ̀.

Kí ẹ tó lọ síwájú, ẹ bu omi sínú ìgò roboto tó mọ́, kí ẹ ki ohun náà bọ̀ ọ́, kí ẹ wò ó yípo. Ó fara jọ bí orí yín yóò ṣe máa yí ìrísí nǹkan padà: ohun kan lè di méjì, ó lè tóbi sí i, ó lè pòórá bí ẹ bá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tó bá ti dára jù ní ìgò ni kí ẹ gbé e sí nínú orí.

Mímọ orí náà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orí tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 18 láti àtàrí dé ìsàlẹ̀ ọrùn. Kò ní gbà ju nǹkan bí lítà epoxy kan lọ. Orí tó tó ti ènìyàn gidi máa ń gba nǹkan bí lítà márùn-ún, bí ẹ bá sì ba ìyẹn jẹ́, owó ńlá ló lọ yẹn.

Amọ̀ olóròóró ló dára jù torí kì í gbẹ. Amọ̀ lásán náà ṣeé lò, ṣùgbọ́n ẹ máa fi aṣọ tútù bò ó, kí ẹ sì ṣe móòdù rẹ̀, ìyẹn ohun tí a máa da epoxy sí kó lè gba ìrísí orí, kó tó gbẹ sán. Sílíkónì, ohun olómi tó máa ń gan bíi rọ́bà, la fi ń ṣe móòdù náà. Bó bá jẹ́ oríṣi platinum lẹ rà, ẹ ṣọ́ra fún amọ̀ olóròóró tó ní súfúrì nínú, nítorí kò ní jẹ́ kí sílíkónì náà gan.

Ohun tó máa ń ya àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe é lẹ́nu ni pé ojú tó dára lára amọ̀ lè má hàn rárá lára ère tó mọ́ gaara. Òjìji ló ń jẹ́ ká mọ imú yàtọ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba inú èyí kọjá. Ẹ jẹ́ kí ihò ojú jìn ju bó ṣe yẹ lọ, kí ètè nípọn sí i, kí etí ìpéǹpéjú mú. Ilà ojú tí kò bá jìn tó mìlímítà méjì sí mẹ́ta máa parẹ́.

Bí ojú amọ̀ bá ṣe rí ni ojú ère yóò ṣe rí. Bí ó bá hunjọ, ère máa ṣú bí gíláàsì tí wọ́n mí sí. Ẹ fi ìka tí ẹ fi sípíríìtì díẹ̀ pa ra á kó jọ̀lọ̀, kí ẹ sì fọ́n fáníìṣì tó ń dán sí i lẹ́ẹ̀mejì. Kọ́rọ́ imú àti ẹ̀yìn etí ṣe pàtàkì jù, torí kò sí pépà ìhanǹkan (sandpaper) tó máa wọ ibẹ̀ lẹ́yìn náà.

Móòdù

Sílíkónì kílò kan tó. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa àkọ́kọ́ rẹ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó wọ gbogbo kọ́rọ́. Kó tó gbẹ tán, ẹ fi òmíràn lé e, títí yóò fi nípọn tó mìlímítà mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ẹ fi P.O.P. bò ó lápá iwájú àti lápá ẹ̀yìn, kílò mẹ́ta lápapọ̀, kí ìpààlà wọn gba etí kan dé etí kejì. Ẹ fi Vaseline pa etí apá àkọ́kọ́ kí ẹ tó da ìkejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n máa lẹ̀ pọ̀.

Bí ó bá gan, ẹ tú P.O.P., kí ẹ fi abẹ la sílíkónì láti ọrùn lẹ́yìn dé àtàrí. Ẹ là á wọ́gọwọ̀gọ, kó lè padà bára mu déédéé. Ẹ yọ amọ̀, ẹ fọ inú rẹ̀, kó gbẹ pátápátá. Kí ẹ tó ra epoxy, ẹ da ìrẹsì gbígbẹ kún móòdù, kí ẹ sì tún un dà sínú ife ìwọ̀n. Iye tó bá jẹ́ nìyẹn. Ẹ fi ìdá mẹ́wàá rẹ̀ kún un fún ohun tó máa ṣẹ́kù sára ife.

Dídà

Résìnì tí àwọn oníṣẹ́ fáíbà ń lò kò wọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń sún kì, ó sì tètè ń sán bó bá nípọn. Epoxy ni kí ẹ rà, oríṣi tí wọ́n kọ deep pour sí lára, ìyẹn èyí tó ṣeé dà nípọn. Ohun méjì ni wọ́n máa ń tà pọ̀: résìnì, àti hádínà tó ń mú un gan. Epoxy tábìlì lásán kò yẹ kó ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Deep pour lè dé márùn-ún. Ẹ ka ara ìgò. Níbi púpọ̀, ìwọ̀n méjèèjì tí wọ́n kọ fún ẹni tó ń fi ife wọ̀n kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ fún ẹni tó ń fi síkéèlì wọ̀n.

Ẹni tó ti ṣe fáíbà rí ló sábà máa ń bà á jẹ́ níbí. Ní fáíbà, bí o bá fẹ́ kó tètè gan, o lè fi hádínà kún un díẹ̀. Epoxy kò gbà bẹ́ẹ̀. Hádínà tó bá ṣẹ́kù kò rí ohun tó máa dì mọ́, ère á sì máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ títí ayé.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ nitrile àti ìbòmú oníkátíríìjì, kí ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ po résìnì àti hádínà pọ̀ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, kí ẹ máa ha ẹ̀gbẹ́ àti ìdí ife. Lẹ́yìn náà, ẹ dà á sínú ife mìíràn tó mọ́, kí ẹ tún un pò fún ìṣẹ́jú kan. Bó bá ki jù, ẹ gbé ìgò rẹ̀ tí a dé pa sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó pò ó.

Ẹ dojú móòdù dé, ọrùn sókè. Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì fi epoxy tọ́ ìsàlẹ̀ imú, etí àti àgbọ̀n, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń há. Ẹ máa dà á láti òkè bíi sẹ̀ǹtímítà 30, kó máa já bí òwú. Àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ. Nígbà tó bá gan débi pé èékánná lè tẹ̀ ẹ́ ṣùgbọ́n kò lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ gbé ohun inú rẹ̀ lé e, kí ẹ da ìkejì. Bí ohun náà bá ń léfòó, okùn ìpẹja tín-ín-rín máa mú un dúró. Bí ẹ bá dé ibi àgbọ̀n, ẹ dẹ móòdù síwájú kí ojú rẹ̀ kọjú sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ máa gbá a pẹ́pẹ́ títí atẹ́gùn yóò fi gba ọrùn jáde, kí ẹ tó gbé e nàró.

Bí ẹ bá pẹ́ ju wákàtí 24 lọ kí ẹ tó da ìpele tó kàn, ẹ fi pépà 220 ha ojú rẹ̀, kí ẹ fi sípíríìtì nù ún. Ẹ má fòyà ìhàha yẹn. Epoxy tuntun máa wọ inú rẹ̀, kò sì ní hàn mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ló dára jù fún dídà, nígbà tí ooru ń lọ sílẹ̀. Bí ara owó ẹyọ tàbí igi bá ń tutù, atẹ́gùn inú rẹ̀ máa ń sún kì, ó ń fa epoxy wọlé. Bó bá jẹ́ òwúrọ̀ tí oòrùn ń mú bọ̀, ńṣe ló máa ń tu atẹ́gùn síta. Lákòókò òjò nílẹ̀ wa, ọ̀rinrin máa ń fi ohun kan bí ọ̀rá sójú epoxy. Kì í ṣe ọ̀ràn ńlá: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti kànrìnkàn máa fọ̀ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ da ìpele mìíràn lé e láìfọ̀ ọ́. Èmi á dúró de ọyẹ́.

Bí ife bá ń gbóná débi tí kò ṣeé dì mú, ẹ gbé e síta kíá. Epoxy tó gbóná jù máa yọ èéfín, á pọ́n, á sì sán. Epoxy tó pọ̀ jù lójú kan ló ń fà á, yálà nínú ife tàbí ní ìpele tó nípọn jù.

Dídán rẹ̀

Ẹ fi wákàtí 72 sílẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ́. Pépà olómi ni ẹ máa lò: 320, 400, 600, 800, 1000, 1500, 2000. Ẹ má fo ọ̀kan. Ìhàha tí 400 bá fi sílẹ̀, 1000 kò lè pa á rẹ́, ẹ ò sì ní rí i títí dìgbà tó bá ń dán. Kọ́m̀páǹdì tí àwọn apẹ́ńtì mọ́tò ń lò ló máa parí rẹ̀. Fún kọ́rọ́ tí ọwọ́ ò dé, apẹ́ńtì ní Ṣágámù tàbí Ìjẹ̀bú-Òde lè fọ́n kílíà, fáníìṣì mọ́tò tó mọ́ gaara, sí i fún yín. Òun náà gbọ́dọ̀ bo imú.

Ẹ má gbé e sí ojú fèrèsé. Oòrùn máa sọ ọ́ di pípọ́n, àti pé orí tó mọ́ gaara lè kó ìtànṣán jọ sójú kan débi tí kọ́tínì á fi gbiná. Ìmọ́lẹ̀ láti ìsàlẹ̀ tàbí láti ẹ̀gbẹ́ ló ń fi inú rẹ̀ hàn dáadáa. Títí ọjọ́ méje yóò fi pé, ó ṣì rọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn pàápàá, bí ẹ bá ń gbé e lọ sí Èkó lọ́sàn-án, ẹ má fi í sí búùtù ọkọ̀: ooru ibẹ̀ tó láti rọ epoxy, ohun tó bá sì fara tì í máa fi ojú rẹ̀ sára ère náà.