Orúkọ òdòdó tí ò bára mu: ìbéèrè tí ẹ ń bi mí ṣáá

Ìb: Mo tẹ orúkọ ara páálí irúgbìn sórí Google, kò gbé nǹkan kan jáde.
Ìd: Ẹ wo sípẹ́lì yín.

Ìb: Kí ni "L." àti "sp." tí wọ́n ń kọ tẹ̀ lé orúkọ Látìnì ewéko?
Ìd: L. ni Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, òun ló sọ ewéko yẹn lórúkọ, ìwé ẹ̀ ti 1753 la ṣì ń tọ̀ dòní. "sp." ní tiẹ̀, orúkọ Látìnì máa ń jẹ́ méjì, wọ́n mọ àkọ́kọ́, wọn ò mọ ìkejì. Tẹ́ ẹ bá rí i lára ohun tẹ́ ẹ fowó rà, ẹ bi ẹni tó tà á.

Ìb: Rosemary mi ń jẹ́ Rosmarinus officinalis níbì kan, Salvia rosmarinus níbòmíì.
Ìd: Ọ̀kan náà ni. Wọ́n kó o sínú Salvia ni, bí wọ́n ṣe kó Sansevieria sínú Dracaena. Ẹ kọ méjèèjì sára léébù, kí gbogbo wa sinmi.

Ìb: Mo ní kí fóònù bá mi túmọ̀ orúkọ ẹ̀ sí Faransé, ó gbé òdòdó míì fún mi.
Ìd: Fóònù yẹn mọ ọ̀rọ̀ ni, kò mọ ewéko! Marigold lè jẹ́ Calendula, ó lè jẹ́ Tagetes. Àwọn Faransé ń pe Calendula ní souci, wọ́n sì ń pe Tagetes patula ní œillet d'Inde. Nasturtium tiẹ̀ tún le jù, èyí tí wọ́n ń gbìn fún òdòdó, Tropaeolum majus ni, èyí tó ń jẹ́ Nasturtium ní Látìnì gangan, watercress ni, ewé jíjẹ tó ń hù nínú omi. Efinrin ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá ní basil lẹ fẹ́, Ocimum basilicum ni wọ́n máa kó fún yín, bẹ́ẹ̀ efinrin ńlá, Ocimum gratissimum ni. Ẹ ti inú èdè tẹ́ ẹ gbọ́ lọ sí Látìnì ná, kẹ́ ẹ tó ti Látìnì bọ́ sí èdè kejì. Mo ti sọ eléyìí títí, ẹnu ń ro mí.

Ìb: Jasmine tí mo rà ò jọ jasmine.
Ìd: Háà, eléyìí fojú mi rí màbo. Ẹnìkan ta ewéko tó ń fà kan fún mi, "jasmine" gàdàgbà ló wà lára ẹ̀, kò sí Látìnì kankan. Ó yọ òdòdó yẹ́lò tó rí bíi fèrè kékeré, mo ní ó tán, àṣé Jasminum náà ní èyí tó ń yọ yẹ́lò. Mo wo ewé, méjì méjì ló dojú kọra, ti Jasminum sambac náà rí bẹ́ẹ̀. Mo bi ẹni tó tà á, ó ní jasmine ni jasmine ń jẹ́. Áàpù orí fóònù ń dárúkọ oríṣiríṣi, tòní ò bá tàná mu. Ìgbà tí mo fi bíléèdì la òdòdó ẹ̀ lọ́rọ̀ tó yanjú: àwọn fọ́nrán tó ń gbé lẹ́búlẹ́bú nínú òdòdó Jasminum, méjì péré ni, ti èyí márùn-ún. Gelsemium sempervirens ni! Carolina jasmine làwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é, májèlé ni láti gbòǹgbò dé òdòdó, ẹ wá ro ti ẹni tó fẹ́ já a sínú tíì. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ ẹ̀ka "jasmine" yín tó ń sun oje funfun, ó lè jẹ́ Trachelospermum, òun náà kì í ṣe jasmine. Cestrum nocturnum tó ń ta sánsán lóru, tí wọ́n tún ń pè ní jasmine, ewé ẹ̀ kì í dojú kọra, májèlé lòun náà.

Ìb: Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀, mi ò tíì mọ̀ ọ́n.
Ìd: Ẹ tẹ ẹ̀ka kan sáàárín pépà kó gbẹ, tòdòdó tewé o, ewé nìkan ò tó, kẹ́ ẹ gbé e lọ bá àwọn onímọ̀ ewéko ní yunifásítì. Títí wọ́n á fi dá yín lóhùn, ẹ má fi sẹ́nu.