Ológbò pọ̀ lẹ́yìnkùlé, owó ò tó: ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi

Ẹ̀yìn ilé ìdáná mi n'Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ológbò kan tó rù kan eegun, tí mi ò mọ ibi tó ti wá, jókòó sídìí ẹ̀rọ omi lọ́jọ́ kan, ó ń wò mí bí mo ṣe ń ṣa pańla. Mo ju orí kan sí i. Kí ọdún tó yípo, wọ́n ti di mọ́kànlá, àdúgbò sì ti sọ mí ní Ìyá Olólógbò. Owó oṣù mi kò tó nǹkan, mo sì ti ṣe àṣìṣe púpọ̀ lórí wọn. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù nìyí.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹyọ kan péré ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún lóúnjẹ. Wọ́n ti di mẹ́sàn-án báyìí, owó ẹja wọn ti fẹ́ ju owó ọbẹ̀ tèmi lọ. Kí ni kí n ṣe?

Àbúrò mi, oúnjẹ kọ́ ló ń jẹ ọ́ lówó, oyún ni. Abo ológbò lè lóyún láti ọmọ oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, nígbà tí ìwọ ṣì ń pè é ní ọmọdé. Oyún yẹn kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 63 sí 65 lọ. Ó lè bí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún lè lóyún mìíràn nígbà tí àwọn tó bí ṣì wà lẹ́nu ọmú. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún kò ṣòro fún un. Ṣírò ẹ̀ wò: ìyá kan, ọmọ mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹta. Méjìlá nìyẹn, kí àwọn ọmọ náà tó bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Púpọ̀ nínú wọn máa ń kú, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú ẹ ni wọ́n á ṣe kú.

Nítorí náà, dín owó ẹja kù, kí o máa tọ́jú ìyókù pamọ́ títí yóò fi tó láti yọ ilé ọmọ abo kan. Ẹyọ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, èkejì. Àwọn akọ lè dúró ná. Bí o bá tẹ akọ márùn-ún lọ́dàá, tí o fi ẹ̀kẹfà sílẹ̀, ẹ̀kẹfà yẹn á ṣe iṣẹ́ àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò ní rẹ̀ ẹ́. Bí o kò bá mọ akọ yàtọ̀ sí abo láti òkèèrè, wo èyí tó ní àwọ̀ mẹ́ta lára, dúdú, funfun àti pupa bí ọsàn. Abo ni irú wọn, àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí Ọlọ́run bá fẹ́ ṣe àrà.

Ẹnì kan nínú ọgbà wa gbà pé kí a kó wọn sínú àpò, kí a lọ tú wọn dà sí ọjà. Ó tiẹ̀ kó mẹ́ta lọ kí n tó mọ̀. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, mẹ́rin tuntun ti dé. Ààtàn tó pe àwọn ti àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀, èkúté sì wà nínú ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún, bí wọ́n bá wà níbùgbé wọn, wọn kì í fẹ́ kí àlejò wọlé.

Ti oúnjẹ: àkókò kan náà lójoojúmọ́, ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí o sì kó abọ́ kúrò. Oúnjẹ tó bá sùn síta, èkúté àti ológbò àdúgbò kejì lo ń pè. Bí èèrà bá ń dà ọ́ láàmú, gbé abọ́ oúnjẹ sínú àwo tó fẹ̀ jù ú lọ, kí o bu omi díẹ̀ sínú àwo náà. Èèrà ò mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Abo tí mo fẹ́ mú kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan òun. Bí mo bá ti ń bọ̀, ó ti gun ògiri.

Má fi ọwọ́ mú un láé. Pàkúté onírin tí wọ́n fi ń mú wọn láàyè wà, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Agọ̀ adìẹ ni mo fi mú tèmi. Mo yá a lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ta adìẹ ìbílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń gbé agọ̀ náà síbi tí wọ́n ti ń jẹun. Mo fi igi tì í sókè lápá kan, mo gbé oúnjẹ sábẹ́ ẹ̀, mo bá tèmi lọ. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n ń yí i po bí ọlọ́pàá tó ń yẹ ẹrù wò. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, wọ́n ti ń jẹun lábẹ́ ẹ̀ bí ẹni pé bàbá wọn ló kọ́ ọ. Lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo fẹ́ mú un, omi nìkan ni mo gbé kalẹ̀. Ní ìdájí, mo so okùn mọ́ igi, mo fa okùn náà dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, mo gbé títù sísun sábẹ́ agọ̀ nítorí òórùn ẹ̀. Àbàjà (bí mo ṣe ń pe abo tó ní ilà lójú yẹn) wọlé. Mo dúró títí ìrù rẹ̀ fi wọlé tán, mo fa okùn.

Àriwo tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rù máa bà ọ́. Agọ̀ ń mì, òun ń ké, ìwọ náà á fẹ́ ké. Ohun tó yẹ kó ti wà lọ́wọ́ ẹ ni ìró àtijọ́ kan tó nípọn. Dà á bo agọ̀ náà pátá kí ibẹ̀ ṣókùnkùn. Á dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, bí ìgbà tí NEPA bá mú iná. Gbé òkúta lé e lórí, nítorí agọ̀ fúyẹ́. Lẹ́yìn náà, rọra ti pákó pẹlẹbẹ gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, kí o fi okùn so agọ̀ àti pákó pọ̀ lọ́nà méjì. Bó ṣe wà yẹn ni wàá ṣe gbé e wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Má kó o sínú àpò Ghana-must-go. Ooru ibẹ̀ lè pa á kí ẹ tó dé.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀, mo gbé etí agọ̀ sókè díẹ̀ láti wò ó bóyá ó ti farapa. Ó gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá bí ọfà. Oṣù méjì ni kò fi sún mọ́ ohunkóhun tó jọ agọ̀ mọ́.

Bá dókítà ẹran ṣe àdéhùn kí o tó mú un, kó má baà jẹ́ pé o mú un tán, dókítà wà ní òde. Tún wo ọmú rẹ̀: bí ó bá wú, tí irun àyíká ẹ̀ sì ti ré, ó ní ọmọ níbì kan, kò sì yẹ kó pẹ́ lọ́dọ̀ dókítà. Sọ fún wọn kí wọ́n lo okùn tó ń yọ́ fúnra rẹ̀, kí o má baà tún mú un lẹ́ẹ̀kejì. Kí wọ́n sì gé ṣóńṣó etí òsì rẹ̀ nígbà tó bá ṣì ń sùn lójú oorun abẹ. Àmì tí àwọn olólógbò mọ̀ kárí ayé nìyẹn, pé wọ́n ti ṣe tibí. Àwọn ará ilé wa bi mí títí pé ta ló jẹ Àbàjà létí. Akọ lè padà síta lẹ́yìn ọjọ́ kan, abo lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta.

Owó iṣẹ́ abẹ ńkọ́? Níbo ni tálákà ń gbé e lọ?

Yunifásítì Ìbàdàn ní ilé ìwòsàn ẹranko tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá wọn, FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta, náà ní. Ẹ béèrè níbẹ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́dọ̀ dókítà aládàáni, kí ẹ fi wé ara wọn. Ẹ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ológbò ìta ni, pé ẹ máa gbé méjì tàbí mẹ́ta wá, kí ẹ bá wọn dúnàádúrà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Àjọ ló gbà mí. Ilé mẹ́rin nínú ọgbà wa ń dá díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó kórìíra ológbò jù ló ń dá jù, torí mo sọ fún un pé igbe òru á dópin. Ó sì ti ń dín kù.

Ti abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, 28 September ni ọjọ́ dìgbòlugi lágbàáyé. Ní àsìkò yẹn, wọ́n máa ń gún ajá àti ológbò lọ́fẹ̀ẹ́ láwọn ibì kan. Láti bí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé ni mo ti máa ń bi àwọn dókítà ẹran ìjọba ìbílẹ̀ léèrè.

Ṣé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ àná ò tó wọn ni?

Kò tó. Èròjà kan wà tó ń jẹ́ taurine, inú ẹran àti ẹja ló wà, ara ológbò kò sì lè ṣe èyí tó tó fúnra rẹ̀. Bí kò bá rí i jẹ fún ìgbà pípẹ́, ojú rẹ̀ lè fọ́, ọkàn rẹ̀ á sì di ahẹrẹpẹ. Ṣùgbọ́n kò di dandan kó jẹ́ ẹran gidi. Ẹ bá ìyá ẹlẹ́ja dọ́rẹ̀ẹ́, kó máa tọ́jú orí pańla àti ṣàwá tó ti fọ́ fún yín. Ẹ sè é kó rọ̀ dáadáa, láìsí iyọ̀, ata tàbí Maggi. Àlùbọ́sà àti aáyù ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́, ìdí nìyẹn tí ọbẹ̀ àná fi jáde nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ lè po ìrẹsì díẹ̀ mọ́ ọn kó pọ̀, kí ẹ sì wọ́n edé lílọ̀ sí i. Eegun adìẹ sísè máa ń ṣẹ́ ṣóńṣó-ṣóńṣó, ó lè gún ìfun. Mílíìkì inú agolo? Ìgbẹ́ gbuuru ni. Omi tútù ni kí ẹ fún wọn, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ó ń gbọ̀n, ara rẹ̀ gbóná. Ṣé kí n fún un ní ìdajì Panadol?

Rárá o! Paracetamol ń pa ológbò. Ẹ̀dọ̀ wọn kò lè tú u ká bíi tiwa, ìwọ̀n tí kò ní ṣe ọmọ èèyàn ní nǹkan kan á sọ ẹ̀jẹ̀ wọn di aláìlágbára, ìdí eyín á di aró tàbí àwọ̀ ilẹ̀, ojú á wú. Bí ẹ bá ti fún un tán, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹran báyìí, ẹ má dúró wò ó.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti wà lórí ọ̀rọ̀ oògùn, ẹ má fi Izal tàbí Dettol wẹ̀ wọ́n. Ẹ má fi oògùn eégbọn tí wọ́n ṣe fún ajá sí wọn lára, permethrin tó wà nínú púpọ̀ nínú wọn ń fa gìrì fún ológbò. Ẹ má fi ẹ́ńjìnì ọ́ìlì pa kúrúnà wọn, bó ti wù kí bàbá yín ṣe é fún ajá tó. Ológbò á lá a mì. Ìyarun eléyín wẹ́wẹ́ àti abọ́ omi ọṣẹ lẹ ó fi mú eégbọn ara èyí tó bá gbà fún yín: ẹ yà á, ẹ tì í bọ inú omi, ẹ tún yà á. Kò wọ́n, sùúrù ló ń gbà.

Ìyá Olólógbò, mo ní kí o kó àwọn nǹkan yìí kúrò nílé mi. Wọ́n ń ké lóru bí ọmọ ìkókó, wọ́n ń yàgbẹ́ sórí ẹ̀fọ́ mi, ìyàwó ọmọ mi sì wà nínú oyún. Dúdú kan sì wà níbẹ̀ tí mi ò fẹ́ràn ojú ẹ̀.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Igbe òru yẹn, gígùn àti ìjà lórí abo ló ń fà á. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún abo mẹ́ta, méjì ló kù. Ti ìgbẹ́, mo ti kó yanrìn tó ṣẹ́ kù lára ilé tí wọ́n kọ́ sí igun ògiri, torí ibi tó rọ̀ tó gbẹ ni wọ́n ń wá. Èmi ni mò ń kó o láràárọ̀. Ẹ tẹ́ igi wẹ́wẹ́ sáàárín ẹ̀fọ́ yín ní ìdábùú-ìdábùú, wọn ò ní ríbi gbẹ́.

Ti aláboyún, ẹ ṣeun tí ẹ rántí. Kòkòrò toxoplasma lè wà nínú ìgbẹ́ wọn, ó sì léwu fún ọmọ inú. Ṣùgbọ́n ó ń gbà tó ọjọ́ kan ó kéré tán kí ó tó lè ran èèyàn, ìdí nìyí tí mo fi ń kó o lójoojúmọ́. Kí ìyàwó wa má fọwọ́ kan yanrìn yẹn, kó fọ ẹ̀fọ́ dáadáa, kó má sì jẹ ẹran tí kò jinná, torí kòkòrò kan náà wà níbẹ̀.

Ti dúdú, Bàbá, àjẹ́ wo ni yóò jókòó sídìí gọ́tà láti ìdájí, tí yóò máa dúró de orí pańla? Ẹ̀yin lẹ sì kọ́ mi pé bí ológbò ò bá sí nílé, ilé á di ilé èkúté. Ẹ bá mi dá májèlé èkúté yẹn dúró. Ológbò tó bá jẹ èkúté tó jẹ ẹ́ lè bá a lọ.

Ó gé mi jẹ.

Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ wo aago. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ẹ sọ pé ológbò ìta ni. Dìgbòlugi tó bá ti fara hàn lára èèyàn, ikú ni. Ẹ má fi epo pupa tàbí ewé sí i.

Mo rí ọmọ ológbò mẹ́ta nínú páálí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Ìyá wọn ò sí níbẹ̀.

Fi wọ́n sílẹ̀ ná. Ó ṣeé ṣe kí ó wá oúnjẹ lọ, kó sì máa wò ọ́ láti orí òrùlé pé kí o kúrò. Fọ́n fúláwà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí páálí náà ká, kí o padà wá lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Bí o bá rí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú fúláwà, ìyá wà.

Bí kò bá sí, ooru ṣáájú oúnjẹ. Fi omi gbígbóná sínú ìgò oníke, fi aṣọ wé e, kí wọ́n sùn tì í. Ọmọ tí ara rẹ̀ tutù kò lè da oúnjẹ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wá abo tó ń fún ọmọ lọ́mú lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ wọn máa ń gba ọmọ ọlọ́mọ. Ológbò ìyá aláta kan gba méjì lọ́wọ́ mi báyẹn. Bí kò bá sí, mílíìkì ọmọ ológbò ní ilé ìtajà àwọn dókítà ẹran ni kí o rà, wákàtí méjì-méjì sí mẹ́ta-mẹ́ta, kí wọ́n dojú bolẹ̀ mu ún. Má dà wọ́n dẹ̀yìn bí ọmọ èèyàn, mílíìkì á gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Lẹ́yìn oúnjẹ, fi aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ nu ìdí wọn kí wọ́n lè tọ̀, iṣẹ́ ahọ́n ìyá nìyẹn.

Ojú wọn á là láàárín ọjọ́ 7 sí 14. Máa gbé wọn lọ́wọ́ lójoojúmọ́ kí wọ́n tó pé oṣù méjì, wọ́n á mọ èèyàn, wọ́n á sì rí ẹni tó máa gbà wọ́n. Méjì tí mo tọ́ wà lọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́gùúsí báyìí, èkúté ti kúrò nínú àpò ẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ abo. Mo gba owó iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́ ìyá náà kí n tó gbé e fún un.